₦1.2 mílíọ̀nù, Jetta tókunbọ̀ kan, àti tọ́bò tó ń jò: ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Kò sí àlejò lónìí. Èmi nìkan ni mo jókòó síwájú máíkì, torí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ, ọ̀rọ̀ owó ara mi ni, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá sí i kí n tó sọ ọ́ tán.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá wa bọ̀ ti mọ̀ pé mo ra ọkọ̀. Ẹ ti bú mi nítorí ẹ̀, ẹ ti yìn mí nítorí ẹ̀. Volkswagen Jetta, ti ọdún 2007, tókunbọ̀ láti Amẹ́ríkà, aláwọ̀ eérú. ₦4.3 mílíọ̀nù. Màmá mi béèrè ìdí tí mi ò fi ra Corolla bí àwọn ọmọ èèyàn yòókù. Mo ní, “Ẹ̀yin Màmá, ọkọ̀ iṣẹ́ ni, ẹ̀yìn ẹ̀ tóbi, kámẹ́rà mi àti iná mi máa wọ̀ ọ́ dáadáa.” Òótọ́ ni o, ẹ̀yìn ẹ̀ tóbi. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìdí tí mo fi rà á nìyẹn. Mo rà á nítorí lẹ́tà kan ṣoṣo tó wà lẹ́yìn ẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ 2.0. Lẹ́tà T. Tọ́bò.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ò mọ̀ nípa ọkọ̀, ẹ jẹ́ kí n yára ṣàlàyé. Ẹ ti rí alágbẹ̀dẹ rí? Bí kò bá ti ilẹ̀ gidi, ẹ ti rí i nínú fíìmù. Ọmọ iṣẹ́ máa ń jókòó ti ẹwìrì, á máa fẹ́ ẹ, iná á sì máa ràn. Iná kan náà ni o, èédú kan náà, ṣùgbọ́n bí atẹ́gùn bá ti pọ̀ sí i, irin á yọ́. Ohun tí tọ́bò ń ṣe nìyẹn. Èéfín tí ẹ́ńjìnnì Corolla ń tú dànù láti ẹ̀yìn, tọ́bò máa ń gbà á kó tó jáde, á fi yí abẹ̀bẹ̀ kékeré kan. Ọ̀pá kan ló so abẹ̀bẹ̀ yẹn mọ́ abẹ̀bẹ̀ kejì lódì kejì, èkejì yẹn ló wá ń ti atẹ́gùn tútù wọnú ẹ́ńjìnnì tipátipá. Atẹ́gùn pọ̀ sí i, epo pọ̀ sí i, agbára pọ̀ sí i. Nítorí ẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì lítà méjì tèmi yìí fi jáde ní ilé iṣẹ́ pẹ̀lú agbára ẹṣin 200, nígbà tí Corolla 1.8 ti ọdún kan náà ní 126. Ẹ wò ó dáadáa. Kí n má sọ̀rọ̀ jù.

Ó wá kan mí láti kó àjọ. Àwa mẹ́wàá la jọ ń dá a níbi iṣẹ́, oṣooṣù, èmi ni mo sì gba ìkarùn-ún. ₦1.2 mílíọ̀nù wọlé sí àkáǹtì mi lọ́jọ́ Jimọ̀ kan. Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Orí YouTube ni mo wà títí ìmọ̀lẹ̀ fi mọ́.

Mo ní àkọsílẹ̀ nínú fóònù mi. Mo ṣì ní i, mi ò pa á rẹ́, kí n lè máa fi rẹ́rìn-ín ara mi. Ohun tí mo kọ síbẹ̀ rèé: tune, ìyẹn kí wọ́n tún kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì kọ kí tọ́bò lè fẹ́ sí i, ₦350,000. Èsọ́ọ̀sì tuntun tó máa ń dún pá-pá-pá tẹ́ ẹ bá ti gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, ₦280,000. Sípíríìǹgì tó máa mú kí ọkọ̀ sún mọ́ ilẹ̀, ₦260,000. Ẹnu tí ẹ́ńjìnnì fi ń fa atẹ́gùn, èyí tí wọ́n ṣe ní aláràbarà, ₦180,000. Ìyókù, sítíkà. Ẹ kíyè sí i pé mi ò kọ bíréèkì síbẹ̀. Mi ò kọ táyà. Mi ò kọ ọ́ìlì pàápàá.

Ohun méjì ló yí àkọsílẹ̀ yẹn padà, ọ̀sẹ̀ kan náà ni méjèèjì ṣẹlẹ̀.

Àkọ́kọ́, ọ̀rẹ́ mi kan. Passat ni tiẹ̀, ẹ́ńjìnnì kan náà pẹ̀lú tèmi. Ó ti ṣe tune tiẹ̀ ṣáájú mi lọ́dọ̀ ẹnì kan tó ní láptọ́ọ̀pù, tó ní ògbóǹkangí lòun. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló fi ń fi fídíò ránṣẹ́ sí mi. Ọkọ̀ yẹn ń fò! Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ó pè mí láti ojú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ohùn ẹ̀ ti rọ̀. Píísítìnì kan ti fọ́. Nígbà tí wọ́n tú u, wọ́n rí i pé ẹ́ńjìnnì yẹn ti ń ṣàìsàn tipẹ́: púlọ́ọ̀gì ti gbó, kọ́ìlì kan ń kú lọ, wọ́n sì wá sọ fún un pé kó sáré sí i. Ẹ mọ ohun tí wọ́n máa ń sọ nípa aláàárù tó ń jẹ búrẹ́dì, pé awọ orí ẹ̀ ló ń jẹ. Ọ̀rẹ́ mi ta òkú ọkọ̀ náà fún àwọn tó ń tú ọkọ̀ tà. Bolt ló ń wọ̀ báyìí.

Ìkejì, èmi àti àbúrò mi obìnrin ni. Mo lọ gbé e láti ilé ìwé, a ń bọ̀ wọ Èkó, a ti dé Kárà. Ẹ mọ Kárà, ọjà àwọn tó ń ta màlúù. Dánfó kan ṣàdédé dúró láti gbé èrò. Mo tẹ bíréèkì. Ọkọ̀ náà dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ fà lọ sápá òsì, sí iwájú tírélà kan tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Mo fi ọwọ́ méjèèjì wọ́ sítíá padà. Fọ́ọ̀n tírélà yẹn ṣì wà létí mi. Àbúrò mi ò pariwo. Ó kàn gbé ọwọ́ lé dáṣíbọ́ọ̀dù, kò sì gbé e kúrò títí a fi dé Ọ̀jọ́dù. Nígbà tá a délé, ó ní, “Bọ̀ọ̀dá mi, ọkọ̀ yìí lẹ wá fẹ́ kó tún máa sáré sí i?”

Mi ò rí nǹkan fi dá a lóhùn.

Ọjọ́ kejì ni mo gbé e lọ bá ọ̀gá mẹkáníìkì kan tó jẹ́ pé ọkọ̀ àwọn ará Jámánì nìkan ló ń ṣe. Mo fi àkọsílẹ̀ inú fóònù mi hàn án. Ó kà á, ó dá fóònù padà fún mi. Ó ní, “Àbúrò, ṣé ẹ́ńjìnnì yìí ní 200 tó bí i ń fún ẹ báyìí?” Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, àbí kí ló ń fún mi?” Ó ní, “Òun la máa kọ́kọ́ wò.”

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí ẹ bá máa mú gbólóhùn kan lọ nínú ètò tòní, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú ìbéèrè ọ̀gá yẹn. Ọkọ̀ ọlọ́dún méjìdínlógún kì í ní agbára tó wà lórí ìwé ẹ̀ mọ́. Nítorí náà, àtúnṣe tó rọjú jù lọ ni kẹ́ ẹ gba èyí tó ti sọnù padà.

Ó so kọ̀ǹpútà mọ́ ọn. Kóòdù méjì jáde. P0302, ìyẹn ni pé sílíńdà kejì kì í jó epo ẹ̀ dáadáa. P0299, ìyẹn ni pé tọ́bò ò fẹ́ tó bí kọ̀ǹpútà ṣe ní kó fẹ́. Ó jẹ́ kí n wakọ̀ yí àdúgbò ká, òun ń wo ìlà méjì lójú kọ̀ǹpútà: ìlà kan ni ohun tí ẹ́ńjìnnì ń béèrè, ìlà kejì ni ohun tí tọ́bò ń gbé wá. Ìlà kejì ò sún mọ́ ìkíní rárá. Ó ní, “Ẹwìrì ẹ ti lu.” Òun ló sọ ọ̀rọ̀ ẹwìrì yẹn o, mo jí i lò ni.

Ibi tí mo gbádùn jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí la dé báyìí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́. Bí atẹ́gùn bá ń jò láàárín tọ́bò àti ẹ́ńjìnnì, báwo lẹ ṣe máa mọ ibi tó ti ń jò? Lókè òkun, wọ́n ní ẹ̀rọ èéfín tí wọ́n fi ń wá a. Ọ̀gá mi ò ní i. Ohun tó ní ni ìdérí páìpù PVC, irú èyí tí àwọn púlọ́ńbà ń lò. Ó lu ihò sí àárín ẹ̀, ó ki fáàfù táyà bọ inú ihò náà, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Ó tú họ́ọ̀sì tó ń gbé atẹ́gùn lọ sínú tọ́bò, lẹ́yìn ibi tí sẹ́ńsọ̀ atẹ́gùn wà, ó fi ìdérí yẹn dí ẹnu ẹ̀, ó fi kílíìpù dè é. Ó wá pe fọ́kánáísà tó wà lódì kejì títì.

Bàbá fọ́kánáísà gbé okùn kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ wọn dé. Wọ́n wo ọkọ̀, wọ́n wo mi. “Ọmọ mi, ṣé ẹ́ńjìnnì lẹ fẹ́ kí n gé ni?” Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Wọ́n fún un ní atẹ́gùn díẹ̀díẹ̀. Ọ̀gá ní kó má kọjá 15 lórí géèjì, torí bó bá pọ̀ jù, ó lè ba sílì ẹ́ńjìnnì jẹ́. Ṣé ẹ mọ̀ pé kílíìpù tí a kọ́kọ́ lò ò mú dáadáa? Ìdérí yẹn já, ó fò kọjá etí mi, ó lọ gbá pátákó “A ń gbé káàdì tà” tó wà lẹ́yìn mi. Ẹ má dúró síwájú ẹ̀ o. Mo sọ ọ́ fún yín nítorí pé mo dúró síwájú ẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kejì, ó mú. Ọ̀gá bu omi ọṣẹ sínú ike tí wọ́n fi ń fín aṣọ, ó ń fín in sí gbogbo oríta họ́ọ̀sì. Ẹ dákẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́: ṣ-ṣ-ṣ-ṣ. Họ́ọ̀sì kan lábẹ́, nítòsí intercooler, ń hó bí ọṣẹ ìfọṣọ. Kílíìpù ẹ̀ ti dógùn-ún. Èkejì ni diverter valve. Fáàfù kékeré ni, òun ló ń tú atẹ́gùn tó ṣẹ́kù sílẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, kó má bàa padà lọ gbá abẹ̀bẹ̀ tọ́bò lójú. Èyí tó bá ọkọ̀ irú tèmi jáde ní rọ́bà pẹlẹbẹ kan nínú, rọ́bà yẹn sì máa ń ya. Tèmi ti ya láti òkè dé ìsàlẹ̀. Volkswagen fúnra wọn ti yí i padà sí oríṣi tó ń lo píísítìnì kékeré dípò rọ́bà, lẹ́tà D ló kẹ́yìn nọ́ńbà ẹ̀. Òun ni mo rà, ₦85,000. Gbogbo họ́ọ̀sì, kílíìpù, owó Bàbá fọ́kánáísà àti owó omi ọṣẹ, ₦35,000. Kóòdù P0302 yẹn, kọ́ìlì kan àti púlọ́ọ̀gì mẹ́rin ló yanjú ẹ̀, ₦70,000.

Mo rò pé a ti ṣe tán. Ọ̀gá ní, “Ó ku ẹyọ kan. Òun ló máa ń pa wọ́n.”

Nínú ẹ́ńjìnnì 2.0T FSI ti àwọn ọdún yẹn, pọ́ńpù epo tó lágbára wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ẹ́ńjìnnì. Camshaft ló ń tì í. Ṣùgbọ́n kì í ṣe irin sí irin. Ife irin kékeré kan ló wà láàárín wọn, kò ju orí àtàǹpàkò lọ, cam follower ni wọ́n ń pè é. Àwọ̀ dúdú kan ló bo ojú ẹ̀. Bí àwọ̀ dúdú yẹn bá ti họ tán, irin ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ, á máa fúyẹ́ sí i títí á fi lu. Lọ́jọ́ tó bá lu, ọ̀pá pọ́ńpù á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ camshaft. Owó camshaft, owó pọ́ńpù, owó ìtúpalẹ̀: ẹ máa ka mílíọ̀nù nìyẹn. Lórí ife kékeré kan!

Búlọ́ọ̀tì mẹ́ta péré ló de pọ́ńpù yẹn mọ́lẹ̀. Ọ̀gá tú u kò pé ìṣẹ́jú ogójì. Ó fi ife náà lé mi lọ́wọ́. Àwọ̀ dúdú ti lọ pátápátá, ojú ẹ̀ ń dán bí ojú ṣíbí, àárín ẹ̀ sì ti jin wọnú. Kò tíì lu. Mo bi í pé, “Ẹ̀gbọ́n, tí mo bá ti ṣe tune yẹn ńkọ́?” Ó ní bí wọ́n bá ní kí pọ́ńpù ṣiṣẹ́ sí i, ife yìí ló máa ru ẹrù náà. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ń nu ọwọ́ ẹ̀.

Mo gbé ife àlòkù yẹn dání lọ sí Ládípọ̀. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ máa gbé èyí tó ti gbó dání lọ ra tuntun, kẹ́ ẹ sì kọ nọ́ńbà ẹ̀ sílẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ tí mo bá ní, “Bọ̀ọ̀dá, Bẹ́ljíọ̀mù ni mo ní, ojúlówó ni!” Àwọn tí kò mọ̀, Bẹ́ljíọ̀mù túmọ̀ sí pé ara ọkọ̀ mìíràn ni wọ́n ti yọ ọ́. Mi ò ní nǹkan kan sí Bẹ́ljíọ̀mù o. Dígí, ilẹ̀kùn, iná iwájú, mo máa ń ra Bẹ́ljíọ̀mù, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n ohun tó ń jẹ lọ díẹ̀díẹ̀, tẹ́ ẹ bá rà á ní àlòkù, ìyókù ayé ẹ̀ lẹ rà, ẹ ò sì mọ èyí tó kù. Tuntun ni mo rà, pẹ̀lú iṣẹ́ ọ̀gá, ₦90,000. Ó ní kí n máa jẹ́ kí òun yẹ̀ ẹ́ wò ní ìgbà kejì-kejì tí a bá ń pààrọ̀ ọ́ìlì.

Ọ́ìlì ńkọ́? 5W-40, èyí tí wọ́n kọ VW 502.00 sí lẹ́yìn ike ẹ̀. Lítà mẹ́rin lé díẹ̀ ló ń mu, èyí tó ṣẹ́kù nínú gálọ́ọ̀nù lítà márùn-ún, ẹ tọ́jú ẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀. ₦75,000 pẹ̀lú fítà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da ọ́ìlì kíki sínú ọkọ̀ tọ́bò nítorí pé “ẹ́ńjìnnì ti gbó, ilẹ̀ wa sì gbóná”. Ọ́ìlì ló ń gbé ọ̀pá tọ́bò ró, ọ̀pá yẹn sì ń yí ju ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún lọ ní ìṣẹ́jú kan. Ó gbọ́dọ̀ tètè dé ibẹ̀.

Bíréèkì wá ni. Káálípà iwájú lápá ọ̀tún ti lẹ̀, kò mú mọ́. Nítorí ẹ̀ ni ọkọ̀ fi ń fà sósì, torí apá òsì nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Dísìkì méjì, páàdì, ohun èlò fún káálípà, omi bíréèkì tuntun: ₦195,000. Mi ò dúnàá-dúrà pọ̀. Ọwọ́ àbúrò mi lórí dáṣíbọ́ọ̀dù ni mo ń rí.

Táyà ló gba owó jù. Ẹ lọ wo ẹ̀gbẹ́ táyà yín lónìí, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ DOT sí, ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn. Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì tó tẹ̀ lé e ni ọdún. Lára tèmi, 3114 ló wà níbẹ̀, ọ̀sẹ̀ kọkànlélọ́gbọ̀n ti ọdún 2014. Ìlà ẹ̀ ṣì jinlẹ̀ o! Tẹ́ ẹ bá fojú wò ó, ẹ máa ní ó dára. Ṣùgbọ́n rọ́bà ẹ̀ ti gan, ó ti ń sán. Táyà àlòkù wà lára ohun tí ìjọba fòfin dè pé kí wọ́n má kó wọlé, síbẹ̀ gbogbo wa mọ ibi tí wọ́n ti ń tà á. Mẹ́rin tuntun, 205/55 R16, ₦95,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan. ₦380,000. Ó dùn mí dé egungun. Ọkọ̀ yìí ń fi táyà iwájú nìkan fa ara ẹ̀. Bí táyà ò bá lè di ilẹ̀ mú pẹ̀lú agbára 200, kí ni mo fẹ́ fi 240 ṣe?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi ẹ̀rọ ìṣirò tẹ̀ lé mi, ẹ fi ₦25,000 ti kọ̀ǹpútà kún un. Gbogbo ẹ̀ di ₦955,000. Ó ku ₦245,000. Mo sì ní kí n fi ṣe èsọ́ọ̀sì, kí n má purọ́ fún yín. Ó ku díẹ̀ kí n fi ṣe é. Ọ̀gá wá béèrè pé, “Ìgbà wo ni wọ́n ti pààrọ̀ tímínì bẹ́líìtì ẹ̀?” Ta ni kí n bi? Ẹni tó lò ó ní Amẹ́ríkà? Bẹ́líìtì yẹn ló ń jẹ́ kí fáàfù àti píísítìnì máa jó ijó kan náà. Bó bá já, wọ́n á forí gbárí, ẹ́ńjìnnì ti lọ nìyẹn. Tókunbọ̀ tí kò ní ìwé ìtọ́jú, ẹ kà á sí pé wọn ò tíì pààrọ̀ ẹ̀ rí. Òun àti pọ́ńpù omi, torí ibì kan náà ni wọ́n wà, ₦210,000 pẹ̀lú iṣẹ́.

₦35,000 ló kù.

Mo mọ ohun tí àwọn kan ń sọ báyìí. “Bọ̀ọ̀dá, ẹ ní ẹ fẹ́ sọ̀rọ̀ mọdifikéṣọ̀n, iṣẹ́ mẹkáníìkì lẹ ń kà fún wa láti àárọ̀.” Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ti pààrọ̀ diverter valve àti họ́ọ̀sì yẹn, mo tún wakọ̀ yí àdúgbò ká, ọ̀gá sì yí ojú kọ̀ǹpútà sí mi. Ìlà méjèèjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọ̀kan. Mo tẹ tọ́tù ní gíá kẹta, ẹ̀yìn mi lẹ̀ mọ́ ìjókòó. Oṣù mẹ́jọ ni mo ti ń wa ọkọ̀ yìí, n kò mọ̀ pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn! Mo ti ń wa Jetta tó dà bí Corolla tó rù.

Nípa àwọn yòókù tó wà nínú àkọsílẹ̀ mi, kíákíá. Sípíríìǹgì tó ń rẹlẹ̀: rárá. Àwo ọ́ìlì ọkọ̀ yìí, alumíníọ̀mù ni, ó wà nísàlẹ̀ gan-an, àwọn tó ń da kọ̀ǹkéré sójú títì fi ṣe bọ́ǹpù ní àdúgbò mi ò sì béèrè lọ́wọ́ mi kí wọ́n tó dà á. Irin tó ń bo abẹ́ ẹ́ńjìnnì ni mo máa rà dípò ẹ̀. Ẹnu atẹ́gùn aláràbarà: lórí agbára tí ọkọ̀ yìí ní báyìí, ariwo ló pọ̀ jù nínú ohun tó máa ń fún yín. Èsọ́ọ̀sì pá-pá-pá: mo ṣì fẹ́ ẹ, mi ò ní ṣe àgàbàgebè. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra níbi tí wọ́n ti ń jó èsọ́ọ̀sì o. Catalyst inú ẹ̀ lówó lórí, àwọn èèyàn ń rìn kiri láti rà á. Ẹ jókòó tì wọ́n títí wọ́n á fi ṣe tán, kí wọ́n má bàa fi páìpù òfìfo rọ́pò ẹ̀ fún yín.

Tune ńkọ́? Tune ṣì wà. Òun ni owó ẹ̀ máa ń so èso jù lọ lára ọkọ̀ tọ́bò, torí kò sí irin kan tẹ́ ẹ rà. Àṣẹ lẹ yí padà. Láti 200, àwọn tó ń tà á ń ṣèlérí ohun tó ju 240 lọ. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí ìdérí ibi tí ẹ ti ń da epo sí. Lára tèmi, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé epo olówó gọbọi, 91 ti ìṣirò àwọn ará Amẹ́ríkà, èyí tó tó nǹkan bí 95 lórí ìṣirò àwọn ará Yúróòpù. Ẹ wá lọ sí ilé epo àdúgbò yín. Kí ni wọ́n kọ sára pọ́ńpù? PMS àti iye owó. Bẹ́ẹ̀ náà ni. Nọ́ńbà kankan ò sí. Bí epo ò bá lágbára tó, á máa gbiná kí àkókò ẹ̀ tó pé, ẹ́ńjìnnì á máa kan bí ẹni ń fi òòlù lu irin. Sẹ́ńsọ̀ kan wà tó ń gbọ́ ọ, kọ̀ǹpútà á sì fà sẹ́yìn láti dáàbò bo ara ẹ̀. Fi oòrùn Èkó àti gosiló kún un, atẹ́gùn gbígbóná ni tọ́bò ń fà. Nítorí náà, ẹni tó bá máa ṣe tune fún mi gbọ́dọ̀ lè kọ ọ́ fún epo tí mò ń rà, kó sì jókòó nínú ọkọ̀ pẹ̀lú mi, kó wo bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń dáhùn. Ẹni tó bá kàn fẹ́ da fáìlì tí wọ́n kọ fún epo 93 Amẹ́ríkà sínú ẹ̀, kó gba owó, kó sì máa lọ, ọ̀rẹ́ mi tó ní Passat ti bá mi sanwó ẹ̀kọ́ yẹn.

Kó tó kan ìyẹn, nǹkan méjì ṣì wà níwájú. Ọ́ìlì gíá DSG, tí wọ́n ní ká máa pààrọ̀ pẹ̀lú fítà ẹ̀ ní gbogbo 60,000 kìlómítà, àti fáàfù tí èédú ti bò. Ẹ́ńjìnnì yìí ń fín epo tààrà sínú sílíńdà, epo kì í kọjá lára fáàfù láti fọ̀ ọ́, ìdọ̀tí ọ́ìlì á sì máa gbára jọ síbẹ̀. Ọ̀gá ti fi àwòrán ti ẹlòmíràn hàn mí. Ó dà bí ìdí ìkòkò tí wọ́n fi igi dáná sí fún ogún ọdún.

Owó gbogbo ìyẹn ò sí lọ́wọ́ báyìí. Àjọ tó kàn, ìkarùn-ún ni mo tún máa gbà. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní 2023, owó tí mò ń dà sínú táńkì nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó àjọ, nítorí náà ẹ má fi iṣẹ́ igbéyàwó dù mí o, kámẹ́rà mi wà nílẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo tún gbé àbúrò mi. A dé Kárà. Kò sí dánfó, kò sí tírélà, ojú ọ̀nà dá. Mo wo dígí ẹ̀yìn, mo ní kó di ara ẹ̀ mú, mo tẹ bíréèkì gidi. Ọkọ̀ náà dúró gbọn-in, kò yà sí ibì kankan. Ó wò mí. Ó ní, “Ẹ ṣeun. Àmọ́ pá-pá-pá tẹ́ ẹ ń sọ yẹn dà?”

Sátidé tó ń bọ̀ la máa ṣe bẹ́líìtì náà. Mo máa gbé máíkì lọ, kẹ́ ẹ lè gbọ́ ohùn ọ̀gá fúnra wọn, mo sì ti bẹ Bàbá fọ́kánáísà, wọ́n ní àwọn náà á sọ̀rọ̀. Ẹ fi ìbéèrè yín ránṣẹ́ ní ohùn, kó má ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ó dìgbà náà.